Ẹ̀gbọ́n Inú Kọ̀ǹpútà

Irùngbọ̀n ọkùnrin tí mò ń sọ yìí ti ń funfun, síbẹ̀ Àbúrò ni gbogbo ọ́fíìsì ń pè é. Òun ló fẹ́ bẹ́ẹ̀. Èmi tí ó jù lọ dáadáa, Àǹtí ló ń pè mí. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣèèṣì pè é ní ẹ̀gbọ́n, ojú rẹ̀ á kọ́rẹ́ lọ́wọ́.

Ètò kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn kan la jọ ń ṣe. Àkọsílẹ̀ aláìsàn kò lè sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀: orúkọ, ọjọ́ ìbí, orúkọ òbí, ọjọ́ ikú bí ẹni náà bá ti kú, ó parí. Àbúrò ló ń fi olùrànlọ́wọ́ kún un, ìyẹn ìlà kóòdù kéékèèké tó ń jẹ́ kí àkọsílẹ̀ lè dáhùn ìbéèrè. Ọmọ ọdún mélòó ni ẹni yìí? Nínú ọmọ ìyá méjì yìí, ta ni ẹ̀gbọ́n? Ìkejì yẹn kì í ṣe eré, torí ètò náà ló ń kọ̀wé ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ gba ìwé tó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní àbúrò. Iṣẹ́ tèmi ni kí n wá àṣìṣe sí gbogbo rẹ̀. Àríwísí ni wọ́n ń sanwó oṣù rẹ̀ fún mi.

Àkọsílẹ̀ méjì ni Àbúrò fi ń dán iṣẹ́ rẹ̀ wò: tirẹ̀, àti ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tó kú sí ilé ìwòsàn náà nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. Láràárọ̀, á ṣí ti ẹ̀gbọ́n yìí. "Ẹ káàárọ̀, Bọ̀dá mi," á wí jẹ́ẹ́jẹ́, á sì dúró díẹ̀ bí ẹni ń retí ìdáhùn. Á bi í ní ọjọ́ orí. Kọ̀ǹpútà á ní márùndínláàádọ́ta. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, orí mi wú. Òkú ń dàgbà níṣojú mi, ó ń fi ọdún mẹ́ta ju àbúrò rẹ̀ lọ, kò yẹ̀.

"Bọ̀dá mi ní kí n máa lọ sílé, pé àwọn ń bọ̀ lọ́la," ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan. "Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá mi sọ gbẹ̀yìn nìyẹn. Àǹtí, ṣé ẹ̀gbọ́n gidi máa ń parọ́?" Inú ṣì ń bí i, àfi bí ẹni pé àná ni.

Nígbà tó yá, ètò wa kọ̀wé sí bàbá kan pé kó mú ìyàwó rẹ̀ wá fún àyẹ̀wò ojú, torí ó ti pé ọgọ́ta ọdún. Ìyàwó ọ̀hún ti kú tipẹ́. Bàbá náà pè wá, ó ń sunkún lórí fóònù. Ọ̀gá wa ní láti òní lọ, ọjọ́ orí òkú gbọ́dọ̀ dúró síbi tí ikú bá a.

Ìlà kóòdù kan péré ni, àmọ́ Àbúrò fi falẹ̀ títí oòrùn fi yẹ̀ lójú fèrèsé. Nígbà tó parí, mo dán an wò lórí àkọsílẹ̀ méjèèjì yẹn. Mo béèrè ẹ̀gbọ́n. Orúkọ Àbúrò ni kọ̀ǹpútà mú wá.

Mo mọ àṣìṣe náà lójú ẹsẹ̀. Ọjọ́ orí ni olùrànlọ́wọ́ yẹn fi ń mọ ẹ̀gbọ́n, ọjọ́ orí òkú sì ti dúró. Àmọ́ Àbúrò ti ká ọwọ́ lérí.

"Ẹ ti sọ mí di ẹ̀gbọ́n Bọ̀dá mi," ó ní. "Mi ò lẹ́nì kankan níwájú mọ́. Àǹtí, ẹ jẹ́ ká yọ ìlà kóòdù yẹn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa dàgbà lọ."

"Kí bàbá yẹn tún gba ìwé míì?"

Àánú Àbúrò ṣe mí, inú sì bí mi. Bí tèmi ṣe máa ń rí nìyẹn. "Nínú ẹ̀yin méjèèjì, ta ló kọ́kọ́ dáyé?"

"Àwọn ni."

"Ṣé ikú yí ìyẹn padà? Ẹ fi ọjọ́ orí sílẹ̀. Ọjọ́ ìbí ni kí ẹ fi wéra."

Ó tẹ̀ ẹ́ wọlé. Mo tún béèrè. Kọ̀ǹpútà ní Bọ̀dá ni ẹ̀gbọ́n. Àbúrò mí kanlẹ̀, ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ìgbà náà ló tó ka ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀: ọjọ́ orí, mẹ́tàlá.



"Mẹ́tàlá," ó ní. "Ọmọ mi tó wà nílé jù wọ́n lọ. Bí iná bá kú lálẹ́, yàrá wa ló ń sá wá."

Ó na ìka, ó fi kan nọ́ńbà yẹn lójú kọ̀ǹpútà.

"Àǹtí, ọmọdé ni wọ́n. Ẹ̀rù ń ba àwọn náà lọ́jọ́ tí wọ́n ní kí n máa lọ sílé."