Orúkọ Sẹ̀nàmi Lójú Kọ̀ǹpútà

Ìró kékeré kan ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, mo tan kọ̀ǹpútà mi, ó dún píì, ó ní kí n kọ ọ̀rọ̀ aṣínà tí mo fi ń wọlé. Mo kọ ọ́. Ojú ẹ̀ ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sì dá mi padà sẹ́nu ọ̀nà. Mo ránṣẹ́ sí ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní ìkóríta Mowó. Ẹ jẹ́ kí n ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, torí n kì í fẹ́ purọ́ mọ́ ènìyàn. Aago mẹ́sàn-án la jọ sọ, aago mọ́kànlá ló dé. Kò bi mí ní nǹkan kan. Kò ka ohun tí ẹ̀rọ kọ síwájú rẹ̀. Ó gbé ìgò ohun mímu rẹ̀ tó ń làágùn lé orí ìwé mi. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn ló ní, "Mà, ẹ jẹ́ kí n nu gbogbo ẹ̀ dànù, ká tún un bẹ̀rẹ̀." Kí n tó gbé ìyẹn mì, ó nàka sí orúkọ tó wà lábẹ́ tèmi. "Sẹ̀nàmi yìí ńkọ́? Kò wọlé rí láti ọjọ́ tẹ́ ẹ ti fi í síbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká pa á rẹ́."

Mo ní kó máa lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà, ẹ jókòó kí n sọ ẹni tó ń jẹ́ Sẹ̀nàmi fún yín.

Ayé ológun ni, nígbà tí búrẹ́dì ń kéré sí i, tí ọ̀rọ̀ àwọn ológun lórí rédíò sì ń gùn sí i. Èkìtì ni bàbá mi ti wá ṣiṣẹ́ olùkọ́, a sì ń gbé ní Ìmẹ̀kẹ, ní Àgbádárìgì. Àbúrò ìyá mi tó ń kàwé lókè òkun ló fi kọ̀ǹpútà àlòkù kan ránṣẹ́ gba Kùtọnú. Ó gba Sèmè wọlé lórí ọ̀kadà, wọ́n fi ìró wé e bí ọmọ tuntun. Aṣọ́bodè kan sì ní kí wọ́n tú u wò, bóyá ìrẹsì ni. Línúùsì ni ètò tó ń darí rẹ̀, torí pé ọ̀fẹ́ ni, kò sì sẹ́ni tá a mọ̀ ní gbogbo Àgbádárìgì tó mọ̀ ọ́n lò. Bọ̀ọ̀dá náà fi ìwé àkọsílẹ̀ kan tẹ̀lé e, ó fọwọ́ kọ gbogbo àṣẹ tí ẹ̀rọ náà máa ń gbọ́ sínú rẹ̀. Nítorí iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ òkun, ìyá mi fi ọ̀rá wé e, wọ́n tún fi aṣọ tí wọ́n fọwọ́ hun bo ọ̀rá náà. Ká tó tàn án, a ó ti bọ́ aṣọ lọ́rùn ẹ̀ bí ẹni fẹ́ wẹ̀ fún arúgbó.

Sẹ̀nàmi ni ọmọ ilé tó kángun sí tiwa, ọmọ Ẹ̀gùn, ìjókòó kan náà la ń lò nílé ìwé. Bàbá rẹ̀ àgbà ń tún àwọ̀n ṣe létí ọ̀sà. Wọ́n á fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ di okùn etí àwọ̀n mú, wọ́n á wá máa fà á gba ọwọ́ wọn kọjá lójú kọ̀ọ̀kan. "Ẹni tó bá sáré lọ wá ihò láàárín àwọ̀n," wọ́n máa ń wí, "ẹja ló ń bá ṣiṣẹ́."

Ọdún mẹ́ta ni bàbá mi fi kọ ìwé oyè ọ̀mọ̀wé wọn sínú kọ̀ǹpútà yẹn. Ní ọ̀sán Sátidé kan, ẹ̀rọ náà ṣe ohun tí tèmi ṣe ní Ọjọ́bọ̀ gẹ́lẹ́: ó ṣílẹ̀kùn, ó wo bàbá mi lójú, ó tì í padà. Wọ́n pe alátùn-únṣe kan. Òun náà ní àfi kí òun nù ún, òun ń lọ mú díìsìkì wá ní ṣọ́ọ̀bù.

"Ìwé mi ńkọ́?"

"Sà, ìyẹn ti lọ."

Bàbá mi lọ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń wo ògiri. N kò rí wọn bẹ́ẹ̀ rí.

Sẹ̀nàmi, tó wà lọ́dọ̀ wa lọ́sàn-án yẹn, fà mí wọlé. "Ká bẹ̀rẹ̀ láti etí kí alátùn-únṣe yẹn tó padà dé," ó ní. Ìwé bọ̀ọ̀dá sọ pé ká tẹ bọ́tìnnì mẹ́ta pọ̀. Ojú kọ̀ǹpútà dúdú, kò sí àwòrán, lẹ́tà nìkan ló kù. Mo kọ orúkọ àti aṣínà mi, ó gbà mí wọlé. Ilé ò wó, ilẹ̀kùn ló há. A kọ àṣẹ oní lẹ́tà méjì kan tó ń sọ bí ààyè ṣe kù sí. Kò ku nǹkan kan.

"Ilé ti kún," Sẹ̀nàmi ní. "Ẹni tó ń wọlé ò ríbi fẹsẹ̀ lé."

A bẹ̀rẹ̀ láti ìdí, à ń wọn yàrá kọ̀ọ̀kan tí ẹ̀rọ ń kó nǹkan pamọ́ sí, à ń wọ inú èyí tó wúwo jù, a sì ń kọ gbogbo ẹ̀ sínú ìwé, títí a fi dé ibi tí iṣẹ́ ti ń dúró de pírìńtà. Yíǹkì ti tán nínú pírìńtà wa tipẹ́. Orúkọ mi ni mo rí níbẹ̀, ó tò gbọọrọ láti òkè délẹ̀.

Mo ya àwòrán ilé wa fún ìyá mi, ó tóbi bí ẹní. Mo ní kí ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ jáde, kò dáhùn. Nílé wa, bí ọmọdé bá kí àgbà tí kò gbọ́, ṣe ló máa tún un kí. Nítorí náà, fún ọ̀sẹ̀ méjì, nígbàkigbà tí mo bá jókòó sídìí ẹ̀, mo máa ń tún ẹ̀rọ náà kí. Gbogbo ìkíni yẹn ló gbọ́, kò sì sọ ọ̀kan nù.

Sẹ̀nàmi wo orúkọ mi, ó wò mí. "Ẹja tá à ń wá, inú agbọ̀n rẹ ló wà." Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. Èmi ń sunkún ní tèmi. A wá àṣẹ tí ẹni tó fẹ́ gba iṣẹ́ rẹ̀ padà máa ń lò, a lò ó, ilẹ̀kùn ṣí. Ìwé bàbá mi wà níbẹ̀, pé pérépéré.

Nígbà tí bàbá mi rí i, wọ́n yíjú sí wa. "Ta ló fà á?"

"Àwa méjèèjì ni, sà," Sẹ̀nàmi tí kò fọwọ́ kan pírìńtà rí ló dáhùn.

Bàbá mi ka ohun tá a kọ sílẹ̀. Orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, tèmi. Síbẹ̀, wọ́n ní káwa méjèèjì kúnlẹ̀. Nígbà tí alátùn-únṣe gbé díìsìkì ẹ̀ dé, wọ́n fún un lágbọn méjì, wọ́n ní kó máa padà lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n jókòó, wọ́n fi orúkọ Sẹ̀nàmi sínú kọ̀ǹpútà, sábẹ́ tèmi.

Kí ọdún yẹn tó parí, ìyá Sẹ̀nàmi kó wọn lọ sí Àjàṣẹ́, lódìkejì ibodè. Mo ti wádìí rẹ̀ ní Sèmè lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà tí mo ti dàgbà. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Gbogbo kọ̀ǹpútà tí mo ti ní láti ìgbà náà, ilẹ̀kùn Sẹ̀nàmi ni mo kọ́kọ́ ń ṣe sí i, sábẹ́ tèmi.

Ní Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn tí ọmọ Mowó lọ, mo mú ìwé àṣẹ tí bọ̀ọ̀dá fọwọ́ kọ yẹn jáde. Iyọ̀ ti jẹ etí rẹ̀. Mo tẹ bọ́tìnnì mẹ́ta pọ̀. Ẹ̀rọ ìsinsìnyí ń sáré ju ti ìgbà yẹn lọ, àwọn tó ń tún un ṣe sì ń sáré jù ú lọ, ṣùgbọ́n ó ṣì ń sọ ohun tó ń ṣe é fún ẹni tó bá dúró gbọ́. Ilé ló tún kún. Àwòrán àwọn ọmọ-ọmọ mi tí mo ti jù sínú agbọ̀n ìdọ̀tí ni, tí n kò dà nù láti ọjọ́ yìí wá. Mo dà á nù, ilẹ̀kùn ṣí. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn, mo kà á mọ́ tèmi.

Torí kí n má baà rẹ́ ọ̀dọ́kùnrin yẹn jẹ, mo wọn yàrá Sẹ̀nàmi náà. Kò gba ààyè kankan tí mo lè fi ṣe nǹkan mìíràn.