Ọjọ́ Tí Wọ́n Fọ́ Ìgò Omi Òdòdó Wa

Mo rántí ìgbà tí mo ń kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú awọ ara lọ́dọ̀ obìnrin Èkìtì kan ní Ìkòtún. A máa ń se òdòdó ọsàn nínú ìkòkò, a ó dojú ìdérí rẹ̀ dé, a ó kó yìnyín lé e, ooru rẹ̀ á sì máa kán sínú abọ́ tó wà láàárín. Omi olóòórùn dídùn yẹn la fi ń tu awọ tó bá ń ta oníbàárà. Mo máa ń fọ́nnu nígbà náà pé ẹni tó bá fọwọ́ kan ọ̀gá mi, èmi ló máa bá jà.

Ìyàwó ọ̀ṣìngín kan wọlé lọ́jọ́ kan, ojú rẹ̀ bó bí ẹni tí omi gbígbóná dà sí. Ìpara tí obìnrin òdìkejì wa ń pò ló fi bóra. Ọ̀gá rẹ òwú sínú omi òdòdó, ó ń fi tẹ̀ ẹ́ lójú jẹ́jẹ́.

"Á tù ọ́ lára ṣá o, àmọ́ kì í ṣe oògùn. Ju ìpara yẹn nù, kí o lọ rí dókítà."

Onípara gbọ́ láti ìsọ̀ rẹ̀. Ká tó mọ̀, ó ti kó ọkùnrin méjì tó mú igi lọ́wọ́ wọlé.

"Ìwọ lo fẹ́ ba ọjà mi jẹ́, àbí?"

Wọ́n fọ́ gbogbo ìgò. Ọ̀kan gbá ọ̀gá létí, ó ṣubú sórí àfọ́kù, ẹ̀jẹ̀ bò ó. Èmi akin? Abẹ́ tábìlì ni mo wà. Àwọn àgbà ní ẹnu dùn-ún ròfọ́.

Ìyàwó náà ló sáré jáde, ó já ìbòrí rẹ̀ sọnù.

"Ẹ wo ojú mi o! Ìpara rẹ̀ ló ṣe mí báyìí!"

Làwọn èrò bá ya bo ìsọ̀ wa. Àwọn ọkùnrin méjì yẹn fẹsẹ̀ fẹ́ẹ, wọ́n fi onípara sílẹ̀. Àwọn èrò wọ́ ọ síta, wọ́n la òkúta mọ́ ọn lórí, wọ́n ya aṣọ mọ́ ọn lára. Ẹnì kan ké pé, "Ẹ gbé táyà wá!"

Ọ̀gá mi, tòun ti ẹ̀jẹ̀ lára, rá wọ àárín wọn, ó dùbúlẹ̀ lé obìnrin náà lórí.

"Ẹ kọ́kọ́ pa mí ná!"

Wọ́n nà án mọ́ ọn kí àwọn àgbà ọjà tó gba àwọn méjèèjì sílẹ̀.

Onípara kó lọ láìdúpẹ́. Etí òsì ọ̀gá mi kò gbọ́ràn mọ́. Èmi náà ti ní ìsọ̀ tèmi ní Ìgàndo báyìí. Mo bi í láìpẹ́ yìí pé kí ló dé tó fi ara rẹ̀ bo ẹni tó ní kí wọ́n na òun.

Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé kí n dúró máa wò wọ́n ni?"

Títí dòní, tí ariwo bá sọ lọ́jà, mi ò tíì lè sọ bóyá abẹ́ tábìlì ni ẹsẹ̀ mi yóò gbé mi lọ tàbí àárín èrò.