Ọjọ́ Tí Mo Dí Daddy Lọ́nà Omi

Iṣẹ́ amọ̀nà arìnrìn-àjò ni mò ń ṣe ní Toronto. Èmi ni mo máa ń dúró níwájú bọ́ọ̀sì, tí mo ń sọ ohun tó wà lọ́tùn-ún àti lósì fún àwọn èrò, tí mo sì ń rí i pé iye tó lọ ni iye tó bọ̀. Kí n tó débẹ̀, ìdí fóònù ni mo wà ní ọ́fíìsì wa ní Downsview, tí mo ń dá àwọn oníbàárà lóhùn. Mo bẹ Linda, ọ̀gá wa tó jẹ́ òyìnbó, títí ó fi fún mi ní ìrìn kan tí èmi nìkan máa darí. Àwọn àgbà ìjọ Yorùbá kan ló fẹ́ lọ wo ìlú kékeré kan lápá àríwá, níbi tí igbó, adágún àti omi tó ń já bọ́ láti orí àpáta wà.

Linda kì í fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ó ní, "You can't say no to your elders. If one person crosses the safety rope, you go back to the phones."

Inú bí mi, nítorí òótọ́ ló sọ. Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi, ọmọdé kì í pàṣẹ fún àgbà. Ṣùgbọ́n mo ti pinnu pé n kò ní padà sídìí fóònù yẹn. Mo bẹ dírẹ́bà wa, a lọ rin gbogbo ọ̀nà ibẹ̀ kí ọjọ́ tó pé.

Nígbà tí ọjọ́ pé, wọ́n gbàdúrà ìrìn-àjò pẹ́ débi pé dírẹ́bà pa ẹ́ńjìnnì. Ìlú náà kò ju òpópónà kan lọ: ilé epo, ṣọ́ọ̀ṣì onígi, àti ṣọ́ọ̀bù kan tó ń ta búrẹ́dì àti ìwọ̀ ẹja pa pọ̀. Àwọn mummy kí gbogbo ẹni tí wọ́n rí. Ìgbà ìwọ́wé ni, ewé igi ti pọ́n bí ata rodo, adágún sì dákẹ́ rọ́rọ́ láàárín àpáta. Mummy Ọlátúnjí nìkan ni kò sọ̀kalẹ̀. Orúnkún ń dùn ún, ojú fèrèsé ló ti ń wo ohun gbogbo. Ọkọ rẹ̀, alàgbà ìjọ tí gbogbo wa ń pè ní Daddy, bá wa wọ igbó.

A ti ń gbọ́ ariwo omi kí a tó rí i.

"Èyí ju ti Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà lọ," ni ọ̀kan nínú àwọn mummy wí.

"Kò jù ú lọ jàre," ni èkejì dá a lóhùn.

Ibẹ̀ ni mo ti rí Daddy tó yọ gálọ́ọ̀nù kékeré kan láti inú kóòtù rẹ̀, tó kọrí sí okùn tí wọ́n ta síwájú omi kí ẹnikẹ́ni má bàa kọjá. Àpáta tó ń yọ̀ ló wà lẹ́yìn okùn náà, ẹni tó bá ṣubú níbẹ̀, ó di ìsàlẹ̀.

"Daddy, ẹ jọ̀ọ́ sà, ibi okùn la máa dúró."

"Mo rí okùn. Omi ni mo fẹ́ bù. Omi tó ń ṣàn ni mo fẹ́ fi gbàdúrà sí orúnkún Mummy yín."

"Ẹ má bínú sà, àpáta yẹn ń yọ̀."

"Ìdànrè ni wọ́n bí mi sí. Ṣé ìwọ lo máa kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń rìn lórí àpáta?"

Ó na ọwọ́ sí okùn. N kò lè fa àgbà láṣọ. Mo sáré síwájú rẹ̀, mo kúnlẹ̀ lórí ewé tútù láàárín òun àti okùn. Nínú tiwa, ẹni tó kúnlẹ̀ kò ṣeé tì sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò sì ṣeé dá kọjá.

"Dìde, ọmọ mi."

"N kò ní dìde sà, àfi tí ẹ bá padà."

"Ṣé ò ń bẹ̀ mí ni àbí ò ń dí mi lọ́nà?"

"Méjèèjì ni, sà."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn wa. Daddy kò rẹ́rìn-ín. Òtútù ń jẹ mí lórúnkún, ẹ̀rù sì ń bà mí, ṣùgbọ́n n kò mira.

Mo ní, "Omi yìí kan náà ló ń gba abẹ́ afárá kọjá nílùú. Mo ti débẹ̀, ó tẹ́jú. Ọwọ́ ara yín lẹ ó fi bù ú."

Ó fi okùn sílẹ̀.

Nígbà tí bọ́ọ̀sì dúró lẹ́bàá afárá, Mummy Ọlátúnjí wo ìta, ó ní, "Ṣé omi náà nìyí? Èmi náà fẹ́ sọ̀kalẹ̀." Kò jìnnà rárá. A dì í mú lápá, ó jókòó lórí òkúta pẹlẹbẹ kan, ó bu omi, ó fi fọ orúnkún rẹ̀ fúnra rẹ̀.

"Ó tutù o," ó ní, ó sì ń rẹ́rìn-ín bí ọmọge.

Daddy ṣí fìlà, ó ń gbàdúrà, gálọ́ọ̀nù òfìfo wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Mo yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo sunkún.

Linda ń dúró dè wá ní Downsview. Ó bi Daddy bóyá mo jẹ́ kí wọ́n kọjá okùn.

Daddy fèsì pé, "Madam, this girl refused me. My own children cannot try it. She will take us next year."

Linda wo ẹrẹ̀ tó wà lórúnkún ṣòkòtò mi, kò yé e, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà di tèmi. Láti ìgbà náà, n kì í mú èrò wọ igbó yẹn láì kọ́kọ́ dúró lẹ́bàá afárá. Ẹni tí orúnkún ń dùn pàápàá bá wa wá láti Toronto. Ọwọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ kan omi.