Ọta Tí Mo Yàn fún Onílé Wa

Nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà gbé àfọ́kù irin kan sórí tábìlì mi ní ọjà Bouaké, mo kọ́kọ́ rò pé ó fẹ́ tà á fún mi ni. Irin ni mo ń tà: ìṣó, àgádágodo, ìwọ̀ àwọn apẹja, àti ọta ìbọn fún àwọn ọdẹ. Àwọn ènìyàn a máa gbé àfọ́kù wá. Mo gbé e sókè, mo yí i wò. Ó ti là bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ìgbà tí mo rí òrùka bàbà tí ó yí i ká ni mo tó dá a mọ̀. Ẹnu ìbọn onílé wa ni.

"Anàgó," ó fi orúkọ tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀ pè mí, ní Faransé, sókè, kí gbogbo ìlà ìsọ̀ wa lè gbọ́, "ìbọn tí ó yẹ kí n jogún nìyẹn. Ìka méjì lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ti bá a lọ. Irin rẹ ni ó wà nínú rẹ̀."

Mo ní, "Ṣé Nánà wà láàyè?"

"Ó wà láàyè. Tìrẹ ni mi ò tíì mọ̀."

Ó ní kí Jímọ̀ tó kọjá, kí n ti ìsọ̀ mi pa, kí èmi àti ìyá mi sì jáde nínú ilé tí a ń gbé ní Broukro, nítorí ilẹ̀ ẹbí àwọn ni, òun sì ni ọmọ arábìnrin tí yóò jogún Nánà ní àṣà wọn. Bí a kò bá jáde, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ òun yóò wá bá wa palẹ̀ mọ́. Obìnrin Júlà tí ń ta ilá gbígbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tí a jọ máa ń ṣe yẹ̀yẹ́ láràárọ̀, dorí kodò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í to ilá rẹ̀.

Nánà ni àwọn Baulé, ẹ̀yà tí ó ni ilẹ̀ náà, ń pe àgbàlagbà tí wọ́n bọ̀wọ̀ fún. Nígbà tí wọ́n lé àwọn òbí mi kúrò ní Gáná, tí wọ́n dé Bouaké pẹ̀lú ẹrù orí wọn, àgbẹ̀ ọlọ́dẹ yìí láti apá Mamini ni ó fún wọn ní ibi tí wọ́n kọ́lé sí. Láti ọjọ́ náà ni ó ti di onílé wa. Iṣẹ́ ńlá ni èyí lọ́dọ̀ wọn. Ohunkóhun tí àlejò bá bàjẹ́, onílé rẹ̀ ni wọn yóò bi. Àlejò fúnra rẹ̀ kò ní ẹnu láwùjọ.

Baba mi, kí Ọlọ́run ṣàánú rẹ̀, ni ó kọ́ mi bí a ti ń yan ọta fún ìbọn ṣakabùlà. Àwọn alágbẹ̀dẹ ni ó ń rọ ìbọn wọ̀nyẹn, nítorí náà kò sí méjì tí ẹnu wọn dọ́gba. Ọdẹ kọ̀ọ̀kan a máa mú igi kékeré kan wá tí ó gé ṣe déédéé ẹnu ìbọn tirẹ̀, a ó sì fi ọta wé igi náà. Ọta gbọdọ̀ kéré díẹ̀ sí i, kí àkísà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lè yí i ká, kí ó sì rọra sọ̀kalẹ̀. "Ọta tí ó bá jà kí ó tó wọlé," baba mi a máa wí, "yóò jà kí ó tó jáde." Fún àparò, ọta wẹ́ẹ́rẹ́; fún ìmàdò, òjé kan ṣoṣo tí ó wúwo. Òjé sì ni ọta gidi, nítorí pé ó rọ̀. Bí ẹ̀gbin ẹ̀tù bá ti lẹ̀ mọ́ inú ìbọn, òjé a gbà fún un. Irin kì í gbà fún ẹnikẹ́ni. Mo mọ gbogbo èyí.

Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí owó sefa tí a ń ná já wálẹ̀, òjé di àwárí. Bátìrì ògbólógbòó tí a máa ń yọ ọ́ nínú rẹ̀, àwọn oníṣòwò ńlá ń kó o lọ sí Abidjan kí ó tó kàn wá. Àkókò náà gan-an ni ọ̀rọ̀ ivoirité gba rédíò àti ẹnu àwọn ènìyàn: ta ni ọmọ ilẹ̀ yìí, ta ni àjèjì. Àwọn sójà ojú ọ̀nà a gba ìwé ìgbélùú wa, wọn a máa yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ẹni tí ń wá eegun nínú ẹja.

Nígbà náà ni Nánà wá sí ìsọ̀ mi. Ìmàdò ti wọ oko iṣu rẹ̀. Ó ní kí n fún òun ní òjé. Mi ò ní. Ó yẹ kí n sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò wo ojú onílé rẹ̀, ní irú ọdún yẹn, kí ó sọ fún un pé kò sí? Mo gbé agolo mílíìkì kan wá, tí mo kó ọmọ irin róbótó inú bíárìn mọ́tò sí. A fi ọ̀kan wé igi rẹ̀. Ó bá a mu. Nánà gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ó jù ú sókè díẹ̀, ó hán an.

"Baba rẹ ò ta irú èyí fún mi rí."

"Nánà, baba mi ò rí irú ọdún yìí rí."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó gbà á, nítorí pé èmi ni mo yàn án.

Lọ́jọ́ tí ọmọ arábìnrin Nánà gbé àfọ́kù náà wá, nígbà tí mo délé tí mo ròyìn ohun tí ọmọ náà sọ, ìyá mi kò sunkún. Ó dìde, ó tẹ́ aṣọ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Ó ní, "Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí rí, ní Gáná. Ìkòkò tí mo fi sílẹ̀ níbẹ̀ ṣì ń dùn mí." Mi ò lè lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Kí wọ́n tó béèrè ohun tí ọmọ náà ṣe sí mi, wọn yóò ti béèrè ìdí tí àjèjì fi ń ta ọta.

Ní Alámìísì, Nánà ránṣẹ́ pé kí a wá sí abúlé, ẹbí fẹ́ gbọ́ ẹjọ́ náà. Ẹni tí ó bá ṣẹ̀ níláti mú ọtí wá, ọtí líle, kí wọ́n ta á sílẹ̀ fún àwọn baba ńlá. Mùsùlùmí ni wá, ọwọ́ wa kì í kan ọtí. Mo ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò.

Ìyá arúgbó kan nínú ẹbí gbé ìgò kan sókè, ó gbọ̀n ọ́n, ó wò ó bí ó ti ń hó. "Ẹ wo Anàgó! Ṣé àwọn òkú wa ti di ọmọ ilé-ìwé ni, tí wọ́n fi ń mu omi ṣúgà?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹnu mi kò ṣí.

Ọmọ náà dìde. "Ta ni onílé Anàgó yìí, kí ó wá bẹ̀bẹ̀ fún un?"

Nánà gbé ọwọ́ tí wọ́n fi báńdéèjì dì sókè. "Èmi ni."

"Nánà, ìwọ ni ó farapa!"

"Èmi náà ni onílé rẹ̀. Baba rẹ̀ kú, kò yan ẹlòmíràn."

"Ìwọ ni yóò wá bẹ ara rẹ?" ni ìyá arúgbó náà wí.

"Èmi ni. Mo sì ṣòro láti bẹ̀, ìwọ náà mọ̀."

Ó ti ra ọtí líle fúnra rẹ̀. Ó jókòó ní ìhà ọ̀dọ̀ wa, ó ní kí ẹbí ṣàánú àlejò òun tí kò mọ̀ọ́mọ̀. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó rìn kọjá sí òdìkejì, ó jókòó sórí àpótí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀, ó ní òun ti gbọ́ ẹ̀bẹ̀ náà. Àwọn ọmọdé ń rẹ́rìn-ín. Ojú rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ìrora ń mú un, mo rí òógùn lórí ètè rẹ̀.

Ọmọ náà ní, "Kí ni ó mú kí ìbọn náà bẹ́, bí kì í bá ṣe irin rẹ̀?"

"Ẹ̀tù ni mo kì jù."

"O ò sọ bẹ́ẹ̀ ní ọsibítù."

"Ní ọsibítù, ìrora ni ó ń sọ̀rọ̀."

Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Ọgbọ̀n ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ó ti ń ki ìbọn. Ìyá mi fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi níhà pé kí n dákẹ́. Àmọ́ mi ò ní í purọ́ mọ́ ọn: mo ti dákẹ́ kí ó tó gún mi. Mo sọ fún ara mi pé àlejò kò ní ẹnu láwùjọ, inú mi sì dùn pé àṣà wọn rí bẹ́ẹ̀.

Wọ́n ta ọtí náà sílẹ̀. Ẹbí gbà. Bí a ti ń lọ, ọmọ náà bá mi lójú ọ̀nà. "Ẹbí ti gbà," ó ní. "Èmi àti àwọn tí a jọ ń jókòó ní àdúgbò Nimbo ò tíì gbà."

Jímọ̀ dé, ó kọjá, wọn ò wá. Ṣùgbọ́n wọn a máa kọjá níwájú ìsọ̀ mi, wọn a máa súfèé. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo bá a tí wọ́n ti fi ẹfun kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn ilé wa pé kí Anàgó máa lọ sílé. Mo fi omi fọ̀ ọ́ kí ìyá mi má baà rí i. Ẹrù rẹ̀ ṣì wà ní dídì lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bí a bá fẹ́ sebẹ̀, a ó tú u, a ó yọ ìkòkò, a ó fọ̀ ọ́, a ó tún un dì. Mo da àwọn ọmọ irin náà sínú ṣáláńgá. Mi ò ta ọta fún ẹnikẹ́ni mọ́. Mi ò sì lọ wo Nánà, ìyẹn ni ó burú jù. Mo máa ń sọ pé ọ̀nà kò dára, pé àwọn sójà pọ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ni mi ò fẹ́ rí.

Lẹ́yìn tí òjò ti fìdí múlẹ̀, ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mọ́bílẹ́ẹ̀tì, alùpùpù kékeré kan, dúró sẹ́nu ọ̀nà wa ní Broukro. Ọmọ náà ni, òun nìkan. Ìyá mi bu omi fún un. Mo rò pé kò ní gbà á. Ó gbà á, ó mu ún tán, ó jókòó, ó sì bi ìyá mi ní ìròyìn, bí àwọn Baulé ti ń ṣe: ṣé ara le, báwo ni ọjà, kí ni ilé wí? Wọn kì í bi ẹni tí wọ́n fẹ́ lé ní ìròyìn. Ìyá mi dá a lóhùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ó wá kọjú sí mi. "Mo ti bá àwọn tí Nimbo sọ̀rọ̀. Wọn ò ní dé ọ̀dọ̀ yín mọ́. Nánà ní òun ò ní gbà kí n jókòó ti òun mọ́ bí mi ò bá jáwọ́." Ó fọwọ́ nu ètè rẹ̀. "Okùn iṣu ti gùn. Ọwọ́ rẹ̀ ò lè dè é mọ́ igi. Èmi nìkan ò lè ṣe é tán. Ó ní kí n mú ọ wá."

Mo wo ìyá mi. Ó ti wọ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn lọ, ó ń tú ẹrù náà, mo gbọ́ ìró ìkòkò.

Mo gun ẹ̀yìn mọ́bílẹ́ẹ̀tì náà. Bí a ti jáde nílùú, mo sún mọ́ etí rẹ̀ láti sọ pé òjé ni Nánà béèrè lọ́wọ́ mi, pé irin ni mo fún un, pé mo mọ ohun tí irin lè ṣe. Ó rò pé ẹ̀rù ń bà mí.

"Anàgó, ṣé o dì mí mú dáadáa?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.