Ẹni Tó Kọ Róbó Ìyá Tàjù

Kò sí ẹni tó gbé ẹrù wá sẹ́nu ọ̀nà Ìyá Tàjù tó padà lọ́wọ́ òfo. Ìbáà jẹ́ ẹni tó bá a ru igi, ìbáà jẹ́ ọlọ́kadà tó gbé àpò ajílẹ̀ wá láti Ìgbó-Ọrà, ìbáà jẹ́ àwọn tó wá fún ọmọ wẹ́wẹ́ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, obìnrin yìí á ní kí wọ́n dúró. Á wọlé, á bu róbó sínú bébà, á fi ọwọ́ méjèèjì gbé e lé wọn lọ́wọ́. "Owó ni wọ́n ń fún iṣẹ́," ohun tó máa ń wí nìyẹn, "oúnjẹ ni wọ́n ń fún ènìyàn." Bí ìyá tó bí i ṣe ń ṣe nìyẹn ní Ìdèrè, kí wọ́n tó fa òun náà fún ọkọ ní Abà Akéréle lójú ọ̀nà Tápà. Bẹ́ẹ̀ lòun náà sì ṣe títí irun orí rẹ̀ fi funfun.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti róbó náà, torí ó máa ń bí mi nínú bí mo bá rí àwọn tó ń fi gààrí lú ẹ̀gúsí tí wọ́n tún ń pè é ní róbó. Oko Ìyá Tàjù ni ẹ̀gúsí tirẹ̀ ti ń wá. Òun ló ń bó o, òun ló ń lọ̀ ọ́, òun ló ń fún òróró inú rẹ̀ títí ọrùn ọwọ́ á fi máa ro ó. Á wá po ata àti iyọ̀ mọ́ ọn, á ṣù ú, á dín in. Bó bá gbé e dé ọjà Tápà, kì í pẹ́ tí igbá fi ń gbófo. Owó róbó yẹn ló fi rán Tàjùdéèn, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, lọ kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì n'Ìbàdàn. Tàjù náà kò gbàgbé ìyá rẹ̀. Lóṣooṣù ló ń fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ránṣẹ́ láti Ìbàdàn. Á gbé e fún awakọ̀, awakọ̀ á já a sí gáréèjì Ìgbó-Ọrà, ọlọ́kadà á gbé e délé. Láti orí fóònù ni Tàjù á ti san gbogbo owó rẹ̀.

Mùkáílà ló ń gbé e wá tẹ́lẹ̀. Mùkáílà yẹn, kó tó pa ọ̀kadà ló ti máa ń pariwo pé, "Ìyá, ṣé ó ti jinná?" Á jókòó sórí odó tó dojú dé, á jẹ róbó, á mu omi, á ròyìn Ìgbó-Ọrà fún wọn, á sì di ìyókù lọ fún ìyàwó rẹ̀. Nígbà tó yá, ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ó ta ọ̀kadà, ó di ẹni tó ń gba ẹrù sílẹ̀ ní gáréèjì, ó sì fi ojú ọ̀nà Tápà lé ọmọkùnrin kan lọ́wọ́. Moyọ̀sọ́rẹ lorúkọ rẹ̀.

Háà, Moyọ̀sọ́rẹ! Gíláàsì dúdú lójú, ìbínú lẹ́nu. Ó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí gbogbo ayé jẹ ní gbèsè. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn: epo bẹntiróòlù ti gbówó lórí, ọ̀nà ò dáa, iye tí wọ́n ń dá fún un kò sì tó nǹkan. Kiní kékeré tí oníbàárà bá fi lé e, owó mínírà, ló fi ń jẹun. Ohun tó ń retí nìyẹn nígbà tó wọ Abà Akéréle lọ́jọ́ náà, oòrùn sì ti pa á wá láti Ìgbó-Ọrà.

Ìyá Tàjù gba oògùn, ó dúpẹ́. "Dúró, ọmọ mi," ó wí. Ó wọlé, ó gbé róbó gbígbóná jáde, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí i. Làtíífàt, ìyàwó Tàjù tó ń gbé lọ́dọ̀ ìyá ọkọ rẹ̀, ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ṣàkírát, ará ilé kejì, wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ó wá yá asẹ́.

Moyọ̀sọ́rẹ wo bébà náà, kò na ọwọ́.

"Màmá, kí lẹ fẹ́ kí n fi ìyẹn ṣe? Ṣé róbó ni mo máa dà sí tánkì? Owó ni kẹ́ ẹ fún mi."

Ìyá Tàjù rẹ́rìn-ín, ó rò pé ó ń ṣàwàdà ni. "Jẹ ẹ́ ná. Ṣé ebi lo máa fi wa ọ̀kadà ni?"

"Mi ò jẹ." Ó ti gbé ẹsẹ̀ lé ọ̀kadà. Ká ní ó lọ báyẹn ni, ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu ń yún un. "Ìyá mi ti kìlọ̀ fún mi, Màmá. Mi ò gbọdọ̀ gba nǹkan jíjẹ lọ́wọ́ ìyá arúgbó tí mi ò mọ̀ rí."

Ó tẹná mọ́ ọ̀kadà, ó lọ. Eruku bo gbogbo wọn.

Ẹ ò rí nǹkan? A máa ń kọ oúnjẹ nílẹ̀ Ìbàràpá o. Wàá ní o ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán ni, tàbí pé ààwẹ̀ lo gbà. Wàá ní kí wọ́n bá ẹ gbé e pamọ́, kò sì sẹ́ni tó máa bínú. Ṣùgbọ́n kó o dúró lójú ènìyàn, kó o ní ọwọ́ ìyá arúgbó ń bà ọ́ lẹ́rù? O ti pè é lórúkọ tí wọn kì í pe ìyá ẹnì kan lójú ọ̀sán gangan. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ṣàkírát ò rántí asẹ́ mọ́. Ó mú ọ̀nà ilé rẹ̀ pọ̀n, ọ̀rọ̀ kún ẹnu rẹ̀.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, gbogbo abà ti gbọ́. Wọ́n ní ọmọ ìjọ ni ọlọ́kadà yẹn, bóyá wọ́n fi nǹkan hàn án ni. Wọ́n ní ebi ń pa á, kí ló dé tí kò fi gbà á? Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í rántí. Ṣàkírát rántí oyún tó bàjẹ́ lára rẹ̀, ó ní róbó lòun jẹ lọ́sẹ̀ náà. Ẹlòmíì rántí pé ọkọ Ìyá Tàjù kò dàgbà kó tó kú. Àwọn aláìmoore! Àwọn tó ti fẹnu lá òróró róbó yẹn lára ìka fún ọ̀pọ̀ ọdún!

Ìyá Tàjù gbé róbó dé ọjà Tápà. "Ẹ kú ọjà o, Ìyá Tàjù," wọ́n á wí láti òkèèrè, wọ́n á sì gba ẹ̀gbẹ́ ibòmíì kọjá. Igbá tó gbé lọ ní kíkún, kíkún ló gbé e bọ̀. Ìyẹn dùn ún, àmọ́ ó gbé e mì. Ó ní ọjà a máa tà, ọjà a sì máa kùtà.

Èyí tí kò ṣeé gbé mì ni ti Aliyyah, ọmọ Tàjù. Láti ìgbà tí wọ́n ti gba ọmú lẹ́nu ọmọ yìí, ẹ̀gbẹ́ ìyá àgbà rẹ̀ ló ń sùn, ọwọ́ rẹ̀ ló ti ń jẹun. Ọmọ náà lọ jẹ máńgòrò tí kò pọ́n, inú sì run ún mọ́jú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí ara rẹ̀ yá, Ìyá Tàjù fún un ní róbó. Bí Làtíífàt ṣe fò jáde nínú ilé ìdáná nìyẹn, ó gbá a dànù lọ́wọ́ ọmọ.

"Tu ú jáde! Mo ní kó o tu ú jáde!"

"Làtíífàt, kí ni mo fi sí i?"

"Màmá, mi ò sọ pé ẹ fi nǹkan sí i."

"Kí lo wá ń sọ?"

"Mo ní kí ọmọ mi má jẹ ẹ́ ni."

"Ọmọ ta?"

Àwọn adìyẹ ti dé ìdí róbó náà, wọ́n ń ṣá a jẹ. Làtíífàt dúró, ó ń wo àwọn adìyẹ. Ìgbà tó ṣe díẹ̀ ni Ìyá Tàjù mọ̀ pé òun náà ń wò wọ́n, pé òun ń retí bóyá ọ̀kan máa ṣubú. Inú bí i sí ara rẹ̀ débi pé ó fi igi lé gbogbo wọn. Adìyẹ kankan ò ṣubú. Síbẹ̀, láti ọjọ́ náà, ìkòkò tí Làtíífàt fi ń se oúnjẹ ọmọ yàtọ̀, ẹ̀gbẹ́ Làtíífàt lọmọ sì ń sùn.

Ìyá Tàjù pe Tàjù lórí fóònù. Tàjù ní kí wọ́n má dá ará abà lóhùn, pé ìsọkúsọ lásán ni. Ó wá ní, "Ṣùgbọ́n Màmá, ẹ ṣáà jẹ́ kí Làtíífàt máa fún ọmọ lóúnjẹ ná." Ìyá Tàjù gbé fóònù sílẹ̀. Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani.

Ẹnu àwọn alájàpá ọjà Tápà ni Mùkáílà ti gbọ́ ọ. Ó gbá Moyọ̀sọ́rẹ lọ́rùn aṣọ mú láàárín gáréèjì.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o mọ ohun tó o ṣe? O fi ẹnu pa ìyá oníyàá!"

"Ẹ̀gbọ́n, owó ni mo kàn fẹ́ gbà."

"Owó wo? Ká ní o jí ọ̀kadà gbé ni, ì bá sàn. Wọ́n á gbà á lọ́wọ́ ẹ, wọ́n á dá a padà fún olówó. Èyí tó o sọ yìí, báwo lo ṣe máa dá a padà?"

Ni Moyọ̀sọ́rẹ bá fúnra rẹ̀ gbé oògùn oṣù tó tẹ̀lé e lọ. Ó yọ gíláàsì dúdú, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ilé. Ó kígbe kí gbogbo abà lè gbọ́:

"Màmá, ẹ foríjì mí! Àṣìsọ ni! Ẹ gbé róbó wá, lójú gbogbo wọn ni mo ti máa jẹ ẹ́!"

Wọ́n jáde. Kí ló máa dá wọn dúró sílé? Ṣàkírát ló kọ́kọ́ dé. Làtíífàt dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó di Aliyyah lọ́wọ́ mú.

Róbó wà nílé. Ìyá Tàjù ò yéé dín in, ẹ̀mí rẹ̀ ò gbà á láti ṣíwọ́. Ó wọlé lọ bù ú. Bí ọmọkùnrin yìí bá jẹ ẹ́ tó sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ, bóyá Aliyyah á tún máa jẹun lọ́wọ́ òun. Kò sí nǹkan mìíràn tó ń fẹ́ láyé mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó jáde, ó rí ojú wọn. Kò sí ẹni tó ń wo òun. Ọ̀fun ọmọkùnrin náà ni gbogbo wọn ń wò.

Ó wá yé e. Yóò jẹ ẹ́ lónìí, kò ní kú. Lọ́la ńkọ́? Ọ̀nà Tápà tó kún fún kòtò ni yóò gbà, pẹ̀lú eré àsápajúdé tó ń sá. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni ò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Ṣé òun á wá máa gbàdúrà fún aláìlẹ́kọ̀ọ́ yìí lórí ọ̀kadà títí tí òun fi máa kú ni?

"Dìde," ó wí. "Ìwọ kọ́ lo máa jẹ ẹ́."

Ó yíjú sí ilé ìdáná.

"Làtíífàt. Àlejò nìyí, jíjẹ rẹ̀ ò ṣe mí láǹfààní kan. Ìwọ tó ò ń jẹ lọ́wọ́ mi láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé ọ wọlé, ìwọ tí mo fi omi gbígbóná wẹ̀ fún nígbà tó o bí Aliyyah, ìwọ ni kó o wá jẹ ẹ́. Ẹyọ kan péré."

Làtíífàt wo róbó, ó wo Ṣàkírát, ó wo ilẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n lọ wo ọbẹ̀ mi lórí iná, Màmá," ó wí, ó sì fa ọmọ wọlé.

Kò sí iná nílé ìdáná lọ́jọ́ náà. Gbogbo ẹni tó dúró níbẹ̀ ló rí i pé èéfín ò rú.

Ìyá Tàjù di róbó náà. Ó wọlé, ó kó ìwọ̀nba aṣọ sínú àpò, ó wé gèlè, ó jáde. "Gbé mi lọ sí Ìdèrè," ó wí fún Moyọ̀sọ́rẹ, "sílé bàbá mi." Wọ́n ń gbọ́ igbe Aliyyah nínú ilé nígbà tí ọ̀kadà gbéra. Kò wẹ̀yìn.

Ní gbogbo ọ̀nà ni Moyọ̀sọ́rẹ ń bẹ̀bẹ̀. Bí wọ́n ṣe dé Ìdèrè, àwọn ọmọ inú agbo ilé, tó máa ń bu róbó fún bó bá wá kí wọn, ya jáde. "Ìyá ti dé! Ìyá, róbó dà?" Ó tú bébà níbi tó dúró sí. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì bù ú, wọ́n kó o sẹ́nu, òróró ń ṣàn ní àgbọ̀n wọn. Ìyá Tàjù fi etí gèlè nu ojú rẹ̀.

"Èló lowó rẹ?"

"Màmá, ẹ má san án."

"Mo ní èló."

Ó sọ iye rẹ̀. Ìyá Tàjù tú ìdí ìró rẹ̀, ó ka owó náà lé e lọ́wọ́, kò dín, kò lé. Moyọ̀sọ́rẹ kò lọ. Ó na ọwọ́ kejì.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ẹyọ kan."

Ìyá Tàjù wo ọwọ́ náà títí. Róbó ṣì kù nínú bébà.

"Mo ti san owó ẹ," ó wí. Ó di bébà náà, ó sì wọlé.