Owó Fàdákà Tí Inú Rẹ̀ Pupa

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí tram, ọkọ̀ ojú irin inú ìlú, kò tíì máa la àdúgbò Arcella kọjá ní Padova nílẹ̀ òyìnbó, bàbá arúgbó kan ni ìyá mi ń tọ́jú ní àjà kẹta ilé wa. Iṣẹ́ náà ni ó gbé ìwé permesso wọn ró, èyí tí a fi ń gbé ìlú. Ẹ̀yin ọmọ mi, ọkùnrin yìí ní àpótí owó àtijọ́ àwọn ará Róòmù. Ọ̀kan dúdú bí ìdí ìkòkò. Ọ̀dọ́mọkùnrin méjì gun ẹṣin lára rẹ̀, ìràwọ̀ wà lókè orí wọn. Ó ní òrìṣà ni wọ́n, ìbejì sì ni wọ́n. Èmi tí èkejì mi kò dúró, mo tọrọ rẹ̀ kí n lọ fi yàwòrán. Ó yá mi.

Ìyá mi ti kọ́ mi pé ẹni tí ó yá ìkòkò gbọ́dọ̀ fọ̀ ọ́ kí ó tó dá a padà. Mo fi kànrìnkàn onírin fọ owó náà. Dúdú náà lọ, ṣùgbọ́n pupa yọ léjìká ẹlẹ́ṣin kan.

“O ti bó fàdákà mi!” Bàbá arúgbó náà ló pariwo bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo dá a padà, ìyá mi ni ó sì kọjú sí.

Ìyá mi kúnlẹ̀. “Scusi, bàbá, ẹ má bínú. Scusi.”

Mo ké pé, “Mamma, èmi ni, ẹ̀yin kọ́!”

“Panu mọ́. Ẹ̀bẹ̀ kì í pa ènìyàn.”

Láàárín àwa Yorùbá, a ń bẹ àgbà ná, kí a tó ro ẹjọ́. Bàbá náà rẹ́rìn-ín. “Ó ti jẹ́wọ́! Dìde, o ti nu ilẹ̀ yẹn láàárọ̀, má tún fi orúnkún nù ún.”

Ọjọ́ náà ni iṣẹ́ bọ́. Ìyá mi lọ ń já èso ní Saluzzo, wọ́n já bọ́ láti orí àkàbà, wọn kò sì lè kúnlẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà.

Owó àtijọ́ ni mo fi ṣe ẹ̀kọ́ ayé mi. Fàdákà tòótọ́, àwọ̀ kan náà ni inú àti ẹ̀yìn rẹ̀; kànrìnkàn kò lè sọ ọ́ di pupa. Lẹ́yìn ikú ọkùnrin náà, àwọn ẹbí rẹ̀ gbé àpótí rẹ̀ wá kí n yẹ̀ ẹ́ wò. Ìwé pélébé kan wà lábẹ́ àwọn ẹlẹ́ṣin náà, òun fúnra rẹ̀ ni ó kọ ọ́, ó sì ti kọ ọ́ kí a tó bí mi: “Ayédèrú. Bàbà ni inú rẹ̀.”

Ayé ti yí. Àwọn ọmọ Arcella òde òní, bí nǹkan bá bàjẹ́, “Non sono stato io” ni wọ́n máa kọ́kọ́ wí, pé àwọn kọ́. Àwọn àgbà ń pè é ní àìlẹ́kọ̀ọ́. Èmi kì í bá wọn wí. Ìyá mi ṣì wà láyé, n kò sì tíì sọ ohun tí mo kà fún wọn. Bí wọ́n bá ti rí fàdákà, wọ́n á fọwọ́ pa orúnkún wọn, wọ́n á ní, “Ọmọ mi, kí Ọlọ́run dárí fàdákà bàbá yẹn tí a bàjẹ́ jì wá.”