Yanrìn Tó Bo Ọkọ̀ Àbúrò Òmùwẹ̀

Abẹ́ omi ni òmùwẹ̀ kan ti ń wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ láti ìgbà tó ti pé ogún ọdún. Bí okùn bá wé mọ́ irin tó ń yí nídìí ọkọ̀ ní èbúté, òun ni wọ́n ń pè. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹja ló fẹ́ sílé, torí bó bá dórí ilẹ̀, ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Apẹja ni àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo, ọmọ ìyá rẹ̀. Ìjì ká ọkọ̀ àbúrò yìí mọ́ ibi téèyàn ti lè rí òrùlé ilé wọn, ọkọ̀ sì rì. Àwọn méjì tí wọ́n jọ lọ lúwẹ̀ẹ́ jáde. Òun wà nínú yàrá ìwakọ̀, kò jáde.

Lọ́jọ́ kejì, òmùwẹ̀ rí ọkọ̀ náà nísàlẹ̀ omi, tó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ìgbì ń gbọn yanrìn sókè, ìṣàn omi ń gbá a lọ, ó ń gbẹ́ ìdí ọkọ̀ lápá kan, ó ń kó o jọ lápá kejì. Yanrìn ti ga dé àárín ilẹ̀kùn. Òmùwẹ̀ fa ilẹ̀kùn náà títí, kò mì. Ó lọ mú irin tí yóò fi já a, ni ìjì mìíràn bá bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ló fi jà. Nígbà tó padà wọmi, kò bá ọkọ̀ kankan. Yanrìn gbalasa ló tẹ́ lọ, tó hun jọ bí iwájú orí arúgbó.

Lójoojúmọ́ tíṣẹ́ bá parí, ó ń lọ wá a.

“Ṣé o rí i?” ni ìyá rẹ̀ máa ń bi í lẹ́nu ọ̀nà.

“Rárá, Màámi.”

Oṣù méje ni wọ́n fi ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Òmùwẹ̀ tọ obìnrin tó ń wọn jíjìn omi ní ọ́fíìsì èbúté lọ. “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ibo lọkọ̀ náà lọ?”

“Kò lọ síbì kankan, abẹ́ yanrìn ló wà. Ìjì ńlá nìkan ló lè hú u.”

“Nígbà wo?”

“Ó lè jẹ́ lọ́dún yìí. Ó lè má jẹ́ láéláé.”

Láti ọjọ́ náà ló ti ń fẹ́ ìjì, nínú ìlú tí ìjì jẹ́ ọ̀tá gbogbo wọn. Ìyàwó apẹja kan gbọ́ bó ṣe ń bẹ Ọlọ́run létí omi pé kó rán ìjì wá.

“Ọkọ tèmi tó wà lójú omi ńkọ́?” lobìnrin náà bi í.

Ó dorí kodò. Ojú tì í, ṣùgbọ́n àdúrà náà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀.

Ìjì dé lóṣù kẹjọ tí ọkọ̀ ti rì, kò pa ẹnikẹ́ni. Kómi tó tòrò ló ti wọ̀ ọ́, ẹnìkejì rẹ̀ níbi iṣẹ́ di okùn tó so mọ́ra mú lókè. Ọwọ́ ló fi rí ọkọ̀, torí omi ti rú débi tójú kò ríran. Ilẹ̀kùn ti ṣí, ṣùgbọ́n yanrìn kún inú yàrá náà. Ó wà á, yanrìn ya padà. Ó tún wà á, ó tún ya padà. Ọwọ́ rẹ̀ kan aṣọ òjò, èjìká sì wà nínú rẹ̀. Ó dì í mú, ó fà, kò mì. Afẹ́fẹ́ inú àgbá tó gbé sẹ́yìn ń tán lọ, síbẹ̀ kò fi èjìká náà sílẹ̀. Tipátipá lẹnìkejì rẹ̀ fi fà á gòkè.

Nígbà tó fi máa padà lọ lọ́jọ́ kejì, yanrìn ti bo ọkọ̀ náà tán.

“Mo fọwọ́ kàn án, Màámi. Mi ò lè gbé e.”

Ìyá rẹ̀ di ọwọ́ náà mú, ó gbé e sórí itan. Ó ní, “Má lọ mọ́. Ìwọ nìkan ló kù.”

Ó gbọ́ tìyá rẹ̀. Ó ṣì ń ṣiṣẹ́ ní èbúté, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pè é síbi tísàlẹ̀ omi bá jẹ́ yanrìn, á ní kí wọ́n wá ẹlòmíràn. Ọ̀gá rẹ̀ bá a wí títí tó fi sú ọ̀gá fúnra rẹ̀.